Èdè Jámánì àti Àwa Ọmọ Yorùbá



Bí ọmọ kan bá jáde láti Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìsẹ̀, láti Ẹmùré tàbí Ìmẹ̀sí-Lásigidi, tí ó sì wí fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé èdè Jámánì ni òun ń lọ kọ́ ní Yunifásítì, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ kàn án ni pé, "Kí ni o fẹ́ fi ṣe?" A kò dá àwọn òbí lẹ́bi. Ẹni tí ó ta kòkó láti fi san owó ilé-ìwé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí owó náà ń rà. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà nínú ìbéèrè yìí, ìtàn náà sì pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Nítorí pé kí ọmọ Yorùbá kankan tó jókòó ní kíláàsì láti kọ́ èdè Jámánì, àwọn ọmọ Jámánì ti jókòó lẹ́bàá àwọn baba wa láti kọ́ Yorùbá. Ìtàn yìí ni a fẹ́ sọ, kí a tó wá sọ ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní àárín ọ̀nà, ẹni tí ó ti kúrò ní ìpele alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò sì tí ì dé ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé wà.

Nígbà tí a dá Ẹgbẹ́ C.M.S. sílẹ̀ ní London ní ọdún 1799, àwọn àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì tí ó fẹ́ fi ilé sílẹ̀ lọ sí Áfíríkà kò tó nǹkan. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ náà fi yíjú sí ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1815 a dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Basel, ní etí ààlà Switzerland pẹ̀lú Jámánì, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti di ìránṣẹ́ Ìhìnrere. Púpọ̀ nínú wọn ti ìpínlẹ̀ Württemberg wá. Àwọn tí C.M.S. bá gbà nínú wọn a máa lọ sí Islington ní London kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí a tó fi wọ́n sínú ọkọ̀. Ẹ kíyèsí i: ẹni tí ó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́nà bẹ́ẹ̀ ti kọ́ èdè àjèjì kan tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ tiwa. Ó ti mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn máa ta kókó lẹ́nu.

James Frederick Schön, ọmọ Baden, bá Àjàyí Crowther wọ ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya ní ọdún 1841. Charles Andrew Gollmer, ọmọ Kirchheim, gúnlẹ̀ sí Badagry ní oṣù kìíní ọdún 1845 pẹ̀lú Townsend àti Crowther. Òun náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ kan lórí àrokò, lórí owó-ẹyọ àti àwọn nǹkan mìíràn tí àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tí a tẹ̀ ní London ní ọdún 1885. David Hinderer, ọmọ Schorndorf, wọ Ìbàdàn ní ọdún 1851. Ní 1853 ó padà wá pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Adolphus Mann wà ní Ìjàyè títí ogun fi fọ́ ìlú náà ní 1862. Gottlieb Friedrich Bühler sì wà ní Abẹ́òkúta, ó ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Orúkọ wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ka ìtàn ìjọ wa. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa a máa pe gbogbo wọn ní Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni pé funfun kan náà ni gbogbo funfun.

Ẹnì kan tún wà tí kò dé ilẹ̀ Yorùbá rárá, síbẹ̀ tí ó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èdè wa. Sigismund Wilhelm Koelle, ọmọ Württemberg pẹ̀lú, jókòó ní Freetown, níbi tí a ti kó àwọn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú jọ láti ọ̀nà jíjìn. Ó pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi olúkúlùkù léèrè ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún èdè lọ. Ìwé náà, *Polyglotta Africana*, jáde ní ọdún 1854. Ẹ̀ka èdè Yorùbá púpọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀: ti Ẹ̀gbá, ti Ìjẹ̀ṣà, ti Ifẹ̀, ti Oǹdó, ti Yàgbà, ti Ìjẹ̀bú. Bí ó sì ti kọ orúkọ Ìjẹ̀bú fi ẹni tí ó jẹ́ hàn: *Dsebu* ni ó kọ, ó sì kọ Ìjẹ̀ṣà ní *Idsesa*. Èdè Jámánì kì í fi lẹ́tà *j* pe ohùn tí àwa ń fi í pè. *J* tiwọn dà bí *y* tiwa. Nítorí náà ni ọmọ Württemberg yìí fi so *d* pọ̀ mọ́ *s* kí ohùn wa lè bọ́ sórí ìwé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ òní bá kọ *ja* sílẹ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ sì kà á ní *yà*, kí ó rántí Koelle. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń rìn, ọ̀kan ń lọ, èkejì ń bọ̀.

Ní Berlin, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Karl Richard Lepsius, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ìwé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, ń wá ọ̀nà tí a lè fi kọ gbogbo èdè ayé ní irú lẹ́tà kan náà, tí ohùn kan yóò ní lẹ́tà kan, tí lẹ́tà kan kò sì ní jẹ́ ohùn méjì. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S., gba èrò yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Ìwé Lepsius jáde ní ọdún 1855, ẹgbẹ́ náà sì fọwọ́ sí i fún àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ní Áfíríkà. A kò wí pé Jámánì ni ó fún wa ní ọ̀nà ìkọ̀wé wa: Crowther ti tẹ ìwé gírámà rẹ̀ ní 1852, ẹnu ọmọ Yorùbá sì ni adájọ́ tí kò ṣeé kọ̀. Ṣùgbọ́n ìjíròrò nípa irú àmì tí ó yẹ kí a fi sábẹ́ *e* àti *o* àti *s*, tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ìpàdé tí C.M.S. ṣe ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1875 tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, a kò lè sọ ọ́ láìdárúkọ Berlin.

Ó yẹ kí a padà sí Ìbàdàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti yà wá sí Èkìtì. Hinderer dé Iléṣà ní 1858. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà dí, òun àti Anna sì jìyà ebi ní Kúdẹtì fún ọdún márùn-ún. Hinderer ni ó túmọ̀ ìwé Bunyan, *Ìlọsíwájú Èrò-mímọ́*, sí Yorùbá. Ẹ ro ọ̀rọ̀ náà wò: ọmọ Jámánì mú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ ọ́ di ti Yorùbá, èdè ìyá rẹ̀ kò sì hàn níbẹ̀ rárá! Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Hinderer ni ọmọdé kan tí a ń pè ní Samuel Johnson ti dàgbà, lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá láti Sierra Leone; láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Abẹ́òkúta sọ́dọ̀ Bühler, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1865. Bühler fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ ìtàn ayé, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, kì í ṣe Bíbélì àti ìwé kíkà nìkan. Àwọn kan nínú àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ẹ̀kọ́ náà ti pọ̀ jù fún ọmọ Áfíríkà. Bí ẹ bá ṣí ìwé ìtàn Yorùbá tí Johnson parí ní 1897, tí a tẹ̀ ní 1921, ẹ ó rí ohun tí Bühler gbìn níbẹ̀.

Kí ni èyí kan Èkìtì? Ní ọdún 1886, nígbà tí ogun Kírìjì ti wọ ọdún kẹsàn-án, Johnson yìí kan náà àti Charles Phillips, ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ àlùfáà ní Oǹdó, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. (Ìmẹ̀sí-Ilé ni a wí, Ìmẹ̀sí-Lásigidi ni èkejì rẹ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó bá sì ń ka ìwé àtijọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ó má ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.) Ọmọ ẹ̀kọ́ àwọn ará Württemberg ni ó wà nínú àwọn tí ó jẹ́ kí àwọn baba wa padà sí oko wọn. Hinderer fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ikú Anna ní 1870, tún padà wá ní àárín ọdún 1870 sí 1880 láti la ọ̀nà ìlà-oòrùn, ní Lẹ́kì àti Òde-Oǹdó. Ọ̀nà yìí ni Ìhìnrere gbà dé ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì lẹ́yìn náà.

Èdè máa ń tẹ̀lé owó, ó sì máa ń tẹ̀lé ìbọn pẹ̀lú. Àwọn oníṣòwò Hamburg ti wà ní Èkó kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìlú náà. Àwọn ni ó kó owó-ẹyọ ńláńlá láti Zanzibar wá tí owó wa fi di yẹpẹrẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 1885, aṣojú ilé òwò Gaiser bá Amapetu ti Mahin ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etíkun, àsíá Jámánì sì wà níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kan náà. Bí wọn kò bá fi í sílẹ̀, ta ni ó mọ èdè tí a bá máa fi kọ́ ọmọ ní Ẹmùré lónìí? Ní Tógò kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1884 títí di 1914 ni Jámánì fi jọba níbẹ̀, àwọn ará wa tí ó ń sọ Ifẹ̀ ní Atakpamé sì wà lábẹ́ wọn. Àwọn ìránṣẹ́ Bremen ń fi èdè Ewe kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì mú nǹkan bí ogún ọ̀dọ́mọkùnrin Ewe lọ sí Württemberg láàárín 1884 sí 1900, ní Westheim lákọ̀ọ́kọ́, láti kọ́ èdè Jámánì àti iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn wọ̀nyí ṣáájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Jámánì tí ó wà ní yunifásítì wa. Ogun 1914 dé, ó gbá gbogbo rẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀ràn kan tí ó ń dun wá. Ní ìparí ọdún 1910, Leo Frobenius wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ tí a ń pè ní ti Olókun, ó fẹ́ gbé e lọ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì mú un dá nǹkan padà. Ó kọ ìwé rẹ̀ ní èdè Jámánì ní 1912, ó sì wí níbẹ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ti ọwọ́ àwọn baba wa wá, pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Atlantis ni, ìlú inú òkun tí àwọn Gíríìkì ń pìtàn rẹ̀. A túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1913. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́, iṣẹ́ ìwádìí nínú ilẹ̀ Ifẹ̀ sì ti fi hàn pé ọwọ́ ará ilé ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: a kọ ọ̀rọ̀ nípa wa ní èdè tí a kò gbọ́, a sì ní láti dúró de ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ kí a tó mọ ohun tí a fi bú wa. Èyí ni a fi ń dá àwọn òbí lóhùn nígbà mìíràn. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́ ìjọba nìkan ni ènìyàn fi ń kọ́ èdè.

Lẹ́yìn tí a dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948 àti ti Ifẹ̀ ní 1962, èdè Jámánì wá rí àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa, ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, àti ní Nsukka. Ní 1962 pẹ̀lú ni ilé Goethe ṣí ní Èkó. Ní 1977, a ṣe eré *Opera Wonyosi* ti Ṣóyínká ní Ifẹ̀, èyí tí ó gba ẹ̀mí rẹ̀ díẹ̀ lára iṣẹ́ Bertolt Brecht, ará Jámánì. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó wọlé sí ẹ̀kọ́ yìí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Jámánì kan rí títí wọn fi jókòó ní kíláàsì àkọ́kọ́. Ní Èkìtì, láti ìgbà tí a ti dá Christ's School sílẹ̀ ní Àdó ní 1933, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wa ń bá jà. Àwọn díẹ̀ bá Látìnì jà, àwọn díẹ̀ bá Faransé. Nítorí náà ọdún kìíní máa ń dùn. Ìkíni, orúkọ oúnjẹ, iye owó, ọjọ́ ọ̀sẹ̀: ènìyàn ń yára, ó sì rò pé òun ti dé. Ọdún kejì àti ìkẹta ni ìṣòro wà, ní ìpele tí àwọn ará Yúróòpù, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2001, ń pè ní B1 àti B2. Níbẹ̀ ni ènìyàn ti mọ̀ tó láti mọ iye tí òun kò mọ̀. Àwa pẹ̀lú ti dúró níbẹ̀, ẹsẹ̀ wa sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí a ti fẹ́ lọ.

Ìṣòro kìíní ni ti akọ àti abo. Ní èdè Jámánì gbogbo orúkọ ni ó jẹ́ akọ, tàbí abo, tàbí aláìṣakọ-aláìṣabo: *der*, *die*, *das*. Tábìlì jẹ́ akọ, fìtílà jẹ́ abo, ọmọdébìnrin, *das Mädchen*, kò sì jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì! Àwa tí ń wí pé "ó dé" fún ọkùnrin, fún obìnrin, fún ewúrẹ́ àti fún òjò, kí ni a ti ṣe lè máa rántí èyí? Tẹ̀lé èyí ni ọ̀nà mẹ́rin tí orúkọ fi ń pààrọ̀ aṣọ bí iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn bá ti rí: *der, den, dem, des*. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kígbe pé irú èyí kò sí ní Yorùbá. Irọ́ díẹ̀ ni. A kì í wí pé "Olú rí mo"; "Olú rí mi" ni a ń wí. *Mo* yí padà di *mi* nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. Ẹni tí ó bá mú ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gba ibi kékeré yìí wọlé yóò rí i pé ilé náà kò ṣókùnkùn tó bí a ti rò.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń pín sí méjì. Olùkọ́ a wí pé *anfangen* ni láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn ó di *ich fange heute an*: ìdajì rẹ̀ wà níwájú, ìdajì kejì sì lọ dúró sí ìparí. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì a máa ráhùn. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ Yorùbá ń ṣe nígbà tí ó bá wí pé òun *gba* Ọlọ́run *gbọ́*? *Gbàgbọ́* ni ọ̀rọ̀ náà, a sì ti pín in sí méjì, a fi Ọlọ́run sí àárín. A *ba* iṣẹ́ *jẹ́*. A *tú* wọn *ká*. Ó wù wá láti rò pé nígbà tí Hinderer kọ́kọ́ gbọ́ irú èyí ní Kúdẹtì, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ó bá ará ìlú rẹ̀ pàdé ní ọjà òkèèrè.

Ti ọ̀wọ̀ náà wà. Gẹ̀ẹ́sì òde òní ń fi *you* kan ṣoṣo pe ọba àti ọmọ ọwọ́. Jámánì ní *du* fún ọmọdé, ọ̀rẹ́ àti ará ilé, ó sì ní *Sie* fún àgbà àti àlejò, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ní *o* àti *ẹ*. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a tọ́ dáradára ní Ìmẹ̀sí-Lásigidi kò nílò ẹ̀kọ́ púpọ̀ lórí èyí. Ara rẹ̀ ni yóò kọ̀ láti sọ *du* sí ìyá àgbàlagbà. Síbẹ̀ ẹ gbọ́ ohun tí ó jọni lójú: bí àwọn ará Jámánì bá ń gbàdúrà, *Du* ni wọ́n ń pe Ọlọ́run, kì í ṣe *Sie*. Àwa náà, nínú Bíbélì wa àti nínú àdúrà wa, "Ìwọ" ni a ń pè É. Àwọn tí a kò lè pè ní *o* láéláé pọ̀ nínú ìlú wa, ẹni tí ó ga jù gbogbo wọn lọ ni a sì ń bá sọ̀rọ̀ bí ọmọ ti ń bá baba sọ̀rọ̀.

Ọmọ Èkìtì sì ní ohun kan tí ọmọ Ọ̀yọ́ kò ní. Ìwé wa tẹ̀lé ohùn Ọ̀yọ́, tí ó ní fáwẹ́lì àìránmú méje. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Èkìtì, ohùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn Ọ̀yọ́ ń pè ní *ilé* kì í ṣe ohùn tí ó bẹ̀rẹ̀ *ilẹ̀*. *U* ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n èkejì dẹ̀ ju èkíní lọ nínú ẹnu. Ìyàtọ̀ tí ó jọ èyí wà nínú èdè Jámánì: *bitten* ni láti bẹ̀bẹ̀, *bieten* ni láti fi nǹkan lọni, *i* ti èkíní sì kúrú, ó dẹ̀. Àwọn mìíràn a máa kọ́ èyí fún oṣù púpọ̀. Etí tí a fi ohùn Èkìtì tọ́ ti ń gbọ́ irú rẹ̀ láti inú ilé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ohùn ìlú rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Ìparí gbólóhùn kò rọrùn, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ gbólóhùn, bí irú èyí tí *weil* tàbí *dass* bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe a máa lọ dúró sí ẹ̀yìn pátápátá. Ènìyàn ń gbọ́ ẹni tí ó ṣe é, ìgbà tí ó ṣe é, ibi tí ó ti ṣe é, kò sì mọ ohun tí ó ṣe. Sùúrù ni oògùn rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọ Gẹ̀ẹ́sì ń tan ènìyàn pẹ̀lú: *Gift*, tí ó jẹ́ ẹ̀bùn ní Gẹ̀ẹ́sì, májèlé ni ní Jámánì. Ẹni tí ó bá ń fi Yorùbá ronú kò ní bọ́ sínú kòtò yìí. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba inú rẹ̀ tán ni ó ń bọ́ sí i.

Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń rìn títí ó fi lè ka ìwé ìròyìn, tí ó sì lè ka Frobenius fúnra rẹ̀, kí ó sì bá a jiyàn lójú ewé tí ó wà. Bí ó bá wá ní oore-ọ̀fẹ́ láti dé Basel, níbi tí a ti tọ́jú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tí Gollmer àti Hinderer ti jáde, yóò bá ìdíwọ́ kan pàdé tí olùkọ́ rẹ̀ lè má ti sọ fún un. Ọwọ́ tí àwọn ará Jámánì fi ń kọ̀wé ní ìgbà náà kì í ṣe irú ọwọ́ tí a ń kọ lónìí. *Kurrent* ni wọ́n ń pè é. *E* rẹ̀ dà bí *n*, *h* rẹ̀ gùn sókè sódò, lẹ́tà púpọ̀ níbẹ̀ kò sì jọ ti ìwé títẹ̀ rárá. Yóò jókòó síwájú ìwé tí yíǹkì rẹ̀ ti pọ́n, yóò fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò máa ṣà wọ́n pọ̀ lẹ́tà kan lẹ́yìn lẹ́tà kan, bí Hinderer ti ṣe nígbà tí ó kọ́kọ́ ń ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Ìbàdàn.